Ta Ló Bá Onígbèsè Dé Ọ̀run? Bí A Ti Ń Tọpa Ìran Inú Ìtàn Àròsọ

Ìwé tí ẹ kọ sí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè ìdíje ìmọ̀ ìwé, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kúìsì. Ẹ tún fi kún un pé awuyewuye ti ń pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu.

Ìbéèrè tó ń wá orúkọ òǹkọ̀wé tàbí ọdún kì í dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ Kúyẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ni yóò wò, yóò sì rí J. F. Ọdúnjọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí Ọmọ Olókùn Ẹṣin Adébáyọ̀ Fálétí kọ́kọ́ jáde, kò ní í pẹ́ rí 1969. Èyí tó ń mú kí olùdarí ìdíje máa làágùn ni ìbéèrè tó yọ ìran kan ṣoṣo jáde láti inú ìtàn, tí kò dárúkọ ẹ̀dá ìtàn, tí kò dárúkọ ìlú, tó wá ní: nínú ìwé wo ni èyí ti ṣẹlẹ̀?

Mo mú ọ̀kan wá. Nínú ìwé wo ni ọkùnrin kan ti pa ara rẹ̀ torí pé ó fẹ́ mọ ibi tí ìjà àwọn méjì kan yóò parí sí?

Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìran náà bó ti wà nínú ìwé, kí n sì fi orúkọ ìwé pamọ́ ná. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé owó yíyá ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò san gbèsè kankan rí. Ó yá pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ ní kó dá owó padà, ó ní òun kì í san gbèsè. Ọ̀rẹ́ yìí gbọ́ pé ọkùnrin mìíràn wà tó jẹ́ pé gbèsè gbígbà ni iṣẹ́ tirẹ̀, tí kò sì sí gbèsè tó lọ gbà rí tó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó rán an níṣẹ́. Agbowó dé ọ̀dọ̀ onígbèsè. Èyí ní òun kò ní í san, ìyẹn ní òun kò ní í lọ, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ dúró wòran. Nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ onígbèsè, ó yọ ọ̀bẹ, ó fi gbẹ̀mí ara rẹ̀, kó má baà san gbèsè láyé. Agbowó wò ó, ó ní òun kò kùnà rí, bí owó yìí bá ti kọjá sọ́run, ọ̀run ni òun yóò ti gbà á. Òun náà pa ara rẹ̀. Òǹwòran wá ní kò sí bí òun ṣe lè má mọ òpin ìjà yìí, ló bá tẹ̀lé wọn. Àwọn ará ìlú gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù: ta ló jẹ̀bi? Ṣé onígbèsè ni, àbí agbowó, àbí òǹwòran, àbí ẹni tó yáni lówó? Adájọ́ ronú títí, ó sún ẹjọ́ síwájú di ọdún kan.

Bí a bá sọ ìran yìí láàárín àwọn èèyàn wa, ìdáhùn tó kọ́kọ́ ń jáde ni Fágúnwà. Òmíràn yóò ní ìyá àgbà òun ló pa á lálọ̀ọ́ fún òun. Ẹlòmíràn yóò ní rárá o, òun rí i lórí ìtàgé ni, Lánkẹ́ ni wọ́n ní kó dá ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Fágúnwà. Láàárín wa, orúkọ ọkùnrin yìí ti di àpò tí a ń da gbogbo iwin sí. Bí igbó bá ti wà nínú ìtàn, tí ọ̀rọ̀ sì le díẹ̀, a ó ní olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó yìí ló kọ ọ́. Ìtàn àròsọ gígùn márùn-ún péré ló fi sílẹ̀: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka iye ìran tí àwọn èèyàn ti fi sọrí rẹ̀, yóò ju ìwé ogún lọ.

Ẹni tó ti ka Fágúnwà délẹ̀ yóò ti fura kó tó ṣí ìwé kankan. Nínú ìran gbèsè yìí, kò sí ẹni tó lórúkọ. Fágúnwà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá inú ìtàn rẹ̀ kì í pẹ́ gba orúkọ, ìwà rẹ̀ sì sábà máa ń wà lára orúkọ náà: Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ìpọ́njúdìran. Bó bá jẹ́ òun ló dá onígbèsè yìí, ó ti lórúkọ, ó sì ti lóríkì. Ohun kejì tún wúwo ju ìyẹn lọ. Fágúnwà kì í fi ẹjọ́ sílẹ̀ láìdá. Yóò dá ìtàn dúró, yóò kọjú sí wa, yóò sì gbà wá níyànjú lórí gbèsè títí tí ẹni tó jẹ gbèsè láàárín wa yóò fi máa wo ilẹ̀. Adájọ́ tó sún ẹjọ́ síwájú di ọdún kan kì í ṣe ẹ̀dá ọwọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ní àlọ́ ni kò purọ́. Àlọ́ tó ń parí sí ìbéèrè, tí apàlọ́ yóò dákẹ́ kí àwọn agbálọ̀ọ́ máa jiyàn lé e lórí, wọ́pọ̀ nílẹ̀ adúláwọ̀. William Bascom, tí àwọn tó ń kọ́ nípa Ifá mọ̀ dáadáa, kó irú rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1975. Ìran gbèsè wa jọ ọmọ ìdílé yẹn. Ṣùgbọ́n ‘nínú ìwé wo’ ni a béèrè.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó dárúkọ Lánkẹ́ ni mo fẹ́ kí a jókòó sí. Nínú ìwé tí ìran yìí ti jáde, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Lánkẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣe adájọ́ níbẹ̀ máa ń pe ara rẹ̀ ní bàbá àwọn òrìṣà tó lè ṣe ohun gbogbo láyé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè dá ẹjọ́ pọ́n-ùn kan. Olùdarí ìdíje tó ń kánjú yóò ní ẹlẹ́rìí yìí ti ṣìnà, yóò sì kọjá sórí ẹlòmíràn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ju kọ́kọ́rọ́ nù. Orí ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni Lánkẹ́ ti wá. Ní 1963, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá gbé eré Ọ̀mùtí jáde lédè Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ijó. Ó fún ọ̀mùtí lórúkọ, Lánkẹ́. Ó sọ gbogbo ìrìn àjò ọ̀mùtí náà di àlá. Eré yẹn rìn jìnnà. Ní 1969 wọ́n gbé e dé Algiers níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ Lánkẹ́ láìfọwọ́ kan ìwé tó bí i rí. Ìwé náà ni The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ibẹ̀ ni onígbèsè, agbowó àti òǹwòran wà, nínú ìlú tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ yà sí nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìlú àwọn òkú.

Ohun tí mo wá sọ lónìí rèé. Nígbà tí a bá ń tọpa ìran, ibi tí ẹlẹ́rìí ti ṣàṣìṣe wúlò fún wa ju ibi tó ti gbà á lọ. Onígbèsè pọ̀ nínú ìtàn. Ẹni tó bá rántí pé onígbèsè kan wà kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, aṣọ tí kò bá ìgbà mu, òpin tó yàtọ̀ sí ti ìwé, àwọn wọ̀nyí ló ń sọ ọ̀nà tí ìtàn gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rántí. Kò sí ẹni tó ń ṣàṣìṣe lásán. Ibì kan ló ti kó o.

Owó náà ń sọ̀rọ̀. Náírà dé ní oṣù kìíní ọdún 1973. Bí àwọn ẹlẹ́rìí bá ń sọ pọ́n-ùn láìronú, ìwé tàbí eré tó ṣáájú ọdún yẹn ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún náírà, ẹnì kan ti pa á dà kó tó dé etí rẹ̀, a ó sì máa wá fíìmù tàbí eré rédíò. N kò ní èyí jẹ́ ẹ̀rí tó kájú kóòtù o. Ó kàn ń sọ ibi pẹpẹ ìwé tí a ó kọ́kọ́ nawọ́ sí ni.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà bá Tutùọlá fúnra rẹ̀ díẹ̀, torí ẹni tó bá máa wá ìran nínú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1920. Ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ kò jìnnà. Ó ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ló di mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Kó tó kọ ìwé ọ̀mùtí, ó ti kọ ìtàn ọdẹ kan ránṣẹ́ sí Focal Press ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Ó ní òun yóò fi fọ́tò àwọn iwin tì í. Nígbà tí fọ́tò dé, àwòrán tí a fọwọ́ yà ni wọ́n yà ní fọ́tò! Ìwé yẹn kò jáde títí di 1982, nígbà tí Bernth Lindfors ṣètò rẹ̀ fún títẹ̀ pẹ̀lú orúkọ The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts. Nínú ìwé ọ̀mùtí, Faber tẹ ojú ewé kan nínú ìwé àfọwọ́kọ Tutùọlá pẹ̀lú àtúnṣe tí olóòtú ṣe sí i, kí òǹkàwé lè fojú ara rẹ̀ rí i pé bó ti kọ ọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, àfi díẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn lámèyítọ́ nílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọ̀dọ̀ Fágúnwà ló ti kó ohun púpọ̀. Ẹ̀sùn náà kò ṣófo pátápátá. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn kan lára wọn ti ṣe bí agbowó inú ìran wa, wọ́n lé gbèsè yẹn kọjá bó ti yẹ. Òpó kan náà ni òǹkọ̀wé méjèèjì fẹ̀yìn tì, ìyẹn àlọ́ àti ìtàn ọdẹ tí ẹnikẹ́ni kò ni. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ló yẹ kó jẹ ẹni tó ń ṣe ìdíje lógún: Fágúnwà ń dájọ́, Tutùọlá ń ka iye.

Mo ní ó ń ka iye, ẹ kò sì gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Oko ọ̀pẹ tí bàbá ọ̀mùtí fún un fẹ̀ ní máìlì mẹ́sàn-án níbùú lóròó, igi ọ̀pẹ 560,000 ló wà níbẹ̀. Agbẹ́mu rẹ̀ ń dá àádọ́jọ kèrègbè ẹmu láàárọ̀, ó ń dá márùn-dín-lọ́gọ́rin lálẹ́. Ọjọ́ Àìkú ló já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó fi kú. Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà wá ìran nínú ìwé rẹ̀, àmì òǹkà ni kó tẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa yí lẹ́nu ẹni tó ń rántí, ìkọsílẹ̀ rẹ̀ a sì máa yàtọ̀. Òǹkà kì í yí. Pẹ̀lú ìwé Yorùbá, wàhálà yìí tún le sí i. Ìwé tó jáde kí ìlànà àkọtọ́ tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kọ aiye, enia, nwọn, ẹiyẹ. Ẹ tẹ ayé, ènìyàn, wọ́n àti ẹyẹ sínú Google, yóò ní kò sí irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìran náà wà níbẹ̀ gbalaja. Ẹ wá fi àmì ohùn kún un, ti ìwé mìíràn péye, ti òmíràn kò ní rárá. Nítorí náà orúkọ àjèjì, orúkọ ìlú àti òǹkà ni kí ẹ máa fi wá a. Ẹ má sì fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Orúkọ tó lókìkí jù ló máa ń kọ́kọ́ pè fún yín, gẹ́gẹ́ bí èèyàn.

Ṣé ẹ rántí bí ọ̀mùtí ti mọ ilé Ikú? Nígbà tó ń wá agbẹ́mu rẹ̀ tó kú, wọ́n ní kó fi àwọ̀n mú Ikú wá, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fọ̀nà hàn án. Ó wá lọ dùbúlẹ̀ sí oríta lọ́jọ́ ọjà. Ó kọ orí sí ọ̀nà kan, ó na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí àwọn ọ̀nà tó kù, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà rí i, wọ́n figbe ta, wọ́n ń bèèrè ìyá tó bí arẹwà ọmọkùnrin tó kọrí sí ọ̀nà ilé Ikú. Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó gba ọ̀nà náà lọ. Ó bá Ikú nínú oko iṣu rẹ̀.

Èyí ni ọgbọ́n tó dára jù tí mo mọ̀ fún wíwá ìran tó sọnù, inú ìtàn sì ni mo ti jí i. Bí ẹ bá dúró níwájú àwọn àgbà òǹkàwé, tí ẹ ní ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni ìran báyìí wà, wọn yóò dákẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń bẹ̀rù kó má baà ṣì í, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò fẹ́ kí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ gbangba, bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú, pé Ìrèké Oníbùdó ni onígbèsè yẹn wà. Kò sí àgbà tó ti ka Ìrèké Oníbùdó tí yóò jókòó jẹ́jẹ́. Bó ti ń já yín nírọ́ ni yóò máa tú àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó bàjẹ́ díẹ̀, mo gbà. Kí ẹ sì máa tọrọ àforíjì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn tó ti da ìdíje rú rèé: nínú ìwé ta ni obìnrin kan ti la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí ẹni tó wò ó rí ìyá rẹ̀ nílé bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n? Tutùọlá ni, nínú ìwé kejì rẹ̀, My Life in the Bush of Ghosts, tó jáde ní 1954. Ọmọ ọdún méje kan sá fún àwọn akónilẹ́rú wọ igbó iwin, ó sì lo ọdún mẹ́rìnlélógún níbẹ̀. Nígbà tí ìrìn rẹ̀ ń lọ sópin, ó bá iwin obìnrin kan pàdé tí egbò bo gbogbo ara rẹ̀, tó fẹ́ kó máa fi ahọ́n lá egbò náà fún ọdún mẹ́wàá kó lè jinná. Ó la àtẹ́lẹwọ́ fún un: ilé rèé, ìyá rẹ rèé. Níbi tó ti ń wò ó, ó rí i tí ìyá rẹ̀ já ewé kan láti fi wo egbò ọmọ tí wọ́n gbé wá bá a. Ó já irú ewé yẹn nínú igbó, ó fi wo obìnrin náà sàn, ó sì gba àtẹ́lẹwọ́ yẹn délé.

Ibi tí ìjà wà nìyí. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà, WNTV Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959. Onílàákàyè èèyàn yóò ní ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, báwo ni mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì ní Èkó ṣe máa kọ nípa tẹlifíṣọ̀n? Yóò fi ọgbọ́n orí pinnu pé ìwé tó jáde lẹ́yìn 1959 ni. Ọgbọ́n náà dùn létí, ó sì kùnà. Láti 1936 ni BBC ti ń gbé tẹlifíṣọ̀n jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ a sì máa rìn ṣáájú ẹ̀rọ. Nínú iṣẹ́ wa, ojú ewé ló ń dájọ́, ìrònú kàn ń gba ẹjọ́ rò ni. Bí ẹ bá sì máa wá ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kíyè sára: Brian Eno àti David Byrne gbé àwo orin kan jáde ní 1981 tó ń jẹ́ orúkọ kan náà gẹ́lẹ́, àwo orin yẹn ló sì sábà máa ń sáré síwájú ìwé.

Lọ́dọ̀ Fágúnwà náà, àṣìṣe ń tọ́ni sọ́nà. Nínú ìwé wo ni ọdẹ ti tọ ẹ̀jẹ̀ ẹranko tó yìnbọn fún títí ó fi dé ilé ara rẹ̀? Ògbójú Ọdẹ ni. Bàbá olórí ẹ̀dá ìtàn, Àkàrà-ògùn, ni ọdẹ náà, ìyá Àkàrà-ògùn sì ni ẹranko. Nígbà tí ọkọ wọlé, apá kan ara ìyàwó ti di èèyàn, apá kejì kò tíì kúrò ní ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn èèyàn léèrè, ọ̀pọ̀ ni yóò fi awọ kún un: ọdẹ gbé awọ ẹranko pamọ́ sí àká, obìnrin ń wá a. Kò sí awọ níbi ti Fágúnwà. Ìtàn Ọya tó jẹ́ ẹfọ̀n ni awọ wà, ti ọdẹ tó jí awọ rẹ̀ tó sì fi í ṣaya. Bí ẹlẹ́rìí bá ti mẹ́nu ba àká, ẹ fi ìwé Fágúnwà sílẹ̀ ná, kí ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn bàbáláwo àti oníṣẹ̀ṣe lọ. Bó bá mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀, ẹ padà wá.

Òkè méjì náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Òkè Láńgbódó ni Kákò, Ìmọ̀dòye àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú Ògbójú Ọdẹ, níbi tí Ìrágbèje onílé olójúlé méje ti gbà wọ́n lálejò tó sì kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Òkè Ìrònú, inú Ìrìnkèrindò ló wà. Ẹni tó bá gbé Ìrágbèje lọ sí Òkè Ìrònú ti ka ìwé méjèèjì, ó ti pẹ́ tó kà wọ́n ni. Ẹ má ṣe gba àmì gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó rántí Kákò tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtàgé, Láńgbódó tí Wálé Ògúnyẹmí kọ ló ń rántí, eré tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Bó bá jẹ́ àwòrán Bruce Onobrakpeya ló ń ṣàpèjúwe, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìtàn kan ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn lórí ìwé ìdíje kì í ṣe ọ̀kan.

Èyí tó nira jù lọ ni ìran tó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, kò kọ́kọ́ jáde bí ìwé. Lẹ́tà ni, tí obìnrin Èkó kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ń kọ sí olóòtú Akéde Èkó láàárín 1929 àti 1930, tó ń jẹ́wọ́ bó ti lo ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni. I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn náà, tó sì jẹ́ olóòtú rẹ̀, ló jókòó tó ń kọ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Ní 2012 Karin Barber tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìbéèrè ìdíje bá jáde láti ibẹ̀, ojú ewé nìkan kò tó, ọjọ́ tí lẹ́tà jáde ni ìdáhùn gidi. Ẹni tó bá sì lọ wo ìwé ìròyìn ìgbà náà yóò rí ohun tí ìwé kò lè fi hàn án: ìpolówó ọjà, ìròyìn òkú àti ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì tó yí lẹ́tà náà ká, tó jẹ́ kí irọ́ Thomas dà bí òótọ́.

Ẹ ní kí n mú àbá kan wá, ó rèé. Àwọn oníṣẹ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ìwé atọ́ka ńlá tí Stith Thompson ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1932 àti 1936. Kò to àlọ́ tẹ̀lé orúkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ló fi tò ó. Ìtàn àròsọ Yorùbá nílò irú rẹ̀, tó kéré, tí ilé ìkàwé kan lè dá ṣe. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Fágúnwà márààrún, kí ẹ fi méjì Tutùọlá tí mo dárúkọ kún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni, kí Ṣẹ̀gilọlá tẹ̀lé e. Ẹni méjì yóò ka ìwé kan, ìran kọ̀ọ̀kan yóò ní káàdì tirẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀dà tí a lò, ojú ewé. Lẹ́yìn káàdì, kí ẹ kọ bí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í rántí. Ẹ̀yìn yẹn ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín jù lọ, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń wá ìran yóò kọ́kọ́ gbà wọlé. Lábẹ́ ‘Awọ’, kí a kọ: wo ‘Ẹ̀jẹ̀’. Lábẹ́ ‘Lánkẹ́’: wo ‘Ọ̀mùtí tí kò lórúkọ’. Lábẹ́ ‘Òkè Ìrònú’: ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe Láńgbódó? Lábẹ́ ‘Tẹlifíṣọ̀n’: wo ‘Àtẹ́lẹwọ́’.